Ọ̀nà kò jìn láti Ìjọra dé Yábàá, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ilẹ̀kùn ìrànlọ́wọ́ han ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀?

Bí èèyàn bá wọ ọkọ̀ ní Ìjọra, tó gba Costain, tó sì gba Èbúté-Mẹ́ta kọjá, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Harvey Road ní Yábàá, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ wà. Bó bá sì jẹ́ ọ̀nà Ojúẹlẹ́gbà ló gbà, yóò já sí Ìdí-Àràbà, níbi tí ọsibítù ńlá tí gbogbo wa mọ̀ sí LUTH wà. Àdúgbò tó sún mọ́ àwọn dókítà ọpọlọ tó báyìí kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, ẹ bi ìyá tó ń ta ẹja tútù ní Ìjọra Ọlọ́pàá, ẹ bi awakọ̀ tírélà tó ń tò lọ sí èbúté Àpápá, pé ta ni wọn yóò pè bí ọmọ wọn bá dìde lóru tó ní ayé ti sú òun. Àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ orúkọ wòlíì tàbí ti ààfáà ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Nọ́ḿbà ìrànlọ́wọ́ kankan lè má sí nínú fóònù wọn rárá.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn. Ilé ìwòsàn wà, àwọn nọ́ḿbà tí èèyàn lè pè wà, òfin tuntun pàápàá ti wà láti ọdún 2023. Ohun tí kò sí ni ọ̀nà tó dán mọ́rán láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ìdààmú ọkàn bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, ìrànlọ́wọ́ tí èèyàn kò mọ ọ̀nà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ṣe la fẹ́ fi àwọn ará Ìjọra ṣe ẹlẹ́yà. Gbogbo Èkó ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtàn àdúgbò náà yóò mọ ìdí tí a fi mú un ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1973, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá tó wà ní Ìgànmú, wọ́n lé àwọn tó ń gbé ní abúlé Olúwọlé kúrò nílé wọn, Badia sì ni wọ́n forí lé. Ní ọjọ́ 23, oṣù kejì, ọdún 2013, katapílà ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wọ Badia East. Àjọ Amnesty International àti SERAC kọ ọ́ sínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún náà pé nǹkan bí 9,000 èèyàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2015, wọ́n tún padà wá wó òmíràn. Ilé tí wọ́n wó ṣeé kà, ọjà tó bàjẹ́ ṣeé díye lé. Ohun tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni ni oorun tí kò kun àwọn onílé wọ̀nyẹn mọ́, àti àyà tó ń já bàbá tó kó ọmọ mẹ́rin lọ sábẹ́ afárá.

Lónìí, ẹrù mìíràn ti gorí ti àtijọ́. Owó ilé ń lọ sókè, ọjà ò tà, gbèsè gbọ́mú-lé-lántà sì wà lọ́rùn, tí àwọn agbowó rẹ̀ yóò wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbèsè orí fóònù tún wà, nínú èyí tí ẹni tó yáni lówó yóò máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí àti ojúlùmọ̀ ẹni pé olè lẹni náà. Òṣì kì í ṣe wèrè, ẹni tí ilé rẹ̀ wó kì í sì í ṣe aláìsàn ọpọlọ. Ṣùgbọ́n bí ìdààmú bá pọ̀ lápọ̀jù, tó sì pẹ́ lára, ó lè sọ ọkàn di aláàárẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrù tó wúwo jù ṣe ń ba ọrùn alábàárù jẹ́. Ẹni tí ọrùn bá ń dùn mọ ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ ni kò mọ ibi tí yóò yà sí.

Ìdí àkọ́kọ́ tí kò fi mọ̀ ọ́n ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni a fi ń pe gbogbo àìsàn náà. Ẹni tó ń rìn ní ìhòòhò lójú títì, wèrè là ń pè é. Ẹni tí kò lè sùn, tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, tó ń sunkún ní ìkọ̀kọ̀ ṣùgbọ́n tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, bó bá ní òun fẹ́ rí dókítà ọpọlọ, wèrè náà là ń pè é. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ta ló wá fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ irú wọn? Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2005, ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín ni wọ́n sì ti ṣe é, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n bi léèrè, àwọn tó lé ní 82 ló ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ sọ̀rọ̀ lásán. Àwọn tí kò tó 17 ló ní àwọn lè fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ṣe ìwádìí náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé láàárín wa mọ̀ pé ìbẹ̀rù yẹn kò tíì kúrò nílẹ̀.

Ìwádìí mìíràn tí àwọn kan náà gbé jáde lọ́dún 2006 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, nǹkan bí 12 ni irú àìsàn yìí kan tàbí òmíràn ti ṣe rí láyé wọn. Nínú àwọn tí tiwọn le débi pé kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, nǹkan bí mẹ́jọ péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìtọ́jú láàárín ọdún kan. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí a fi sọ́kàn: àwọn díẹ̀ tó rí ìtọ́jú, ọ̀dọ̀ dókítà lásán, irú èyí tó ń tọ́jú ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ni púpọ̀ nínú wọn ti rí i. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ babaláwo. A óò padà sórí èyí.

Ìdí kejì ni ìtàn ilé ìwòsàn Yábàá fúnra rẹ̀. Ọdún 1907 ni àwọn òyìnbó amúnisìn ṣí i. Lákòókò yẹn, ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n kà sí wèrè pamọ́ sí ni, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń wò wọ́n sàn. Òfin tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ wèrè lọ́dún 1916, bí wọn yóò ṣe mú èèyàn tì mọ́lé ló jẹ ẹ́ lógún. Òun náà ló sì di òfin ọdún 1958 tí a ń lò bọ̀ títí di àìpẹ́ yìí. Látinú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni Yaba Left ti di èébú ní gbogbo Èkó, débi pé ẹni tí wọ́n bá rí lẹ́nu géètì ibẹ̀ yóò máa wá irọ́ tí yóò pa fún aládùúgbò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ti ilé wá síbẹ̀ lónìí, tí wọ́n ń rí dókítà, tí wọ́n ń gba oògùn, tí wọ́n sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Àwa náà kò ṣàìní àpẹẹrẹ rere nílé. Ní Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ọgbà. Ó mú kí wọ́n máa gbé nínú ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí wọn kan sì wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́. Ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó ní kí wọ́n wá bá òun fikùn lukùn. Gbogbo ayé ló wá wo iṣẹ́ náà, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ sí Abẹ́òkúta lọ́dún 1961, Lámbò fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO. Ohun tó fi yé wa ni pé bí aláìsàn bá wà láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ara rẹ̀ á tètè yá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń gbé aláìsàn lọ nígbà tí wọ́n bá sá fún ilé ìwòsàn ni ìdí kẹta. Kò sí ohun tó burú nínú àdúrà, ìgbàgbọ́ sì máa ń fún ọkàn lókun. Ṣùgbọ́n àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn kan jáde ní oṣù kọkànlá, ọdún 2019, lẹ́yìn tí wọ́n ti dé ibùdó 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti ní Àbújá. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n bá lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ti ìjọba wà nínú àwọn ibùdó náà, ti oníṣègùn ìbílẹ̀ wà, ti ìjọ Kìrìsìtẹ́nì wà, ti Mùsùlùmí náà sì wà. Nínú oṣù yẹn kan náà ni àwọn ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde nínú ilé kan ní Òjóò, nílùú Ìbàdàn. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà nírú ibẹ̀, ẹbí wọn ló fi ọwọ́ ara wọn mú wọn lọ, nítorí wọn kò mọ ibòmíràn.

Ibi tí nọ́ḿbà ìrànlọ́wọ́ ti wúlò nìyí. Ẹni tí ojú ń tì láti wọ géètì Yábàá lè pe nọ́ḿbà láti orí ibùsùn rẹ̀, láìsí ẹni tó rí ojú rẹ̀. Ní London ni irú rẹ̀ tó lókìkí jù ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1953, nígbà tí àlùfáà Áńgílíkà kan, Chad Varah, ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú àtigbẹ̀mí ara rẹ̀ pe òun. Kò pẹ́ tó fi rí i pé àwọn olùyọ̀ǹda tó ń fún àwọn àlejò rẹ̀ ní tíì, tí wọ́n sì ń tẹ́tí sí wọn, ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà kí ó tó kàn án. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Samaritans ti jáde. Iṣẹ́ etí ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó gbé fóònù kì í ṣe dókítà, kì í sì í kọ oògùn. Ó ń gbọ́, ó ń béèrè, ó ń bá ẹni náà dúró títí ìjì yóò fi rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò júwe ibi tó kàn. Ó kéré lójú, àmọ́ ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Àjọ WHO sọ pé àwọn tó lé ní 720,000 ló ń gbẹ̀mí ara wọn lọ́dọọdún lágbàáyé. Ọ̀pọ̀ nínú irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé wákàtí díẹ̀ ni agbára rẹ̀ máa ń le jù, bí ẹnìkan bá sì wà pẹ̀lú ẹni náà ní wákàtí yẹn, ó lè là á já.

Ní Èkó, kì í ṣe pé kò sí irú rẹ̀. LUTH ni ètò SURPIN fìdí kalẹ̀ sí, èyí tó wà fún ìwádìí àti ìdènà ìgbẹ̀mí-ara-ẹni. Nọ́ḿbà tí wọ́n ti ń polongo ni 0908 021 7555. Ẹgbẹ́ MANI, tí ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan, Victor Ugo, dá sílẹ̀ lọ́dún 2016, máa ń lo àwọn olùyọ̀ǹda láti gbọ́ tẹnu àwọn èèyàn. 0809 111 6264 ni wọ́n ti ń fi síta. Ọdún náà ni Hauwa Ojeifo dá She Writes Woman sílẹ̀. Ẹni tí oògùn olóró ti wọ̀ lára, tàbí òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, lè pe àjọ NDLEA sórí 0800 1020 3040 láìsan owó ìpè, fún ìmọ̀ràn, kì í ṣe fún ìmúnisátìmọ́lé. Obìnrin tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ ọkọ ló ń da ọkàn rẹ̀ rú lè pe àjọ DSVA ti ìpínlẹ̀ Èkó. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lójú ẹsẹ̀, 112 tàbí 767 ni nọ́ḿbà pàjáwìrì Èkó, kò gba owó.

Ẹ wò ó bí nọ́ḿbà wọ̀nyẹn ṣe gùn tó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárín òru, ṣé nọ́ḿbà mọ́kànlá ni yóò rántí? Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù keje ọdún 2022, 988 péré ni èèyàn ń tẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2024, ẹni tó bá pe 111 lè yan 2 kí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ àwọn tó mọ̀ nípa ìlera ọpọlọ, 116 123 ti Samaritans sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ tọ̀sán-tòru. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham àti ní Houston lè lo ìwọ̀nyí. Àwọn òbí wọn tó wà ní Ìjọra ni kò ní irú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tí a dárúkọ ń gbìyànjú gidigidi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá dúró lórí ọrẹ àti olùyọ̀ǹda lè dẹnu kọlẹ̀ nígbà tí owó bá tán tàbí tí olùyọ̀ǹda bá kó lọ sí òkè òkun. Àwọn dókítà ọpọlọ fúnra wọn ń lọ: ẹgbẹ́ wọn ti pariwo léraléra pé àwọn tó kù nílé kò tó 300, fún orílẹ̀-èdè tó lé ní igba mílíọ̀nù èèyàn.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ní Badia, ẹ ó gbọ́ Yorùbá, ẹ ó gbọ́ Ìlàjẹ, ẹ ó gbọ́ Ẹ̀gùn. Ìyá tó fẹ́ sọ pé inú òun bàjẹ́ kò ní máa wá Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi sọ ọ́. Bí ẹni tó gbé fóònù bá dá a lóhùn lédè tí kò yé e, yóò pa á ni, ó lè má sì tún pè mọ́.

Kí wá ni òfin sọ? Ọjọ́ 5, oṣù kìíní, ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ tí àwọn aṣòfin ti fọwọ́ sí lọ́dún 2021, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ wá láti ọdún 2003. Ó pa òfin wèrè ti àtijọ́ rẹ́. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àìsàn ọpọlọ yan èèyàn jẹ níbi iṣẹ́ tàbí nínú ilé gbígbé. Ó ní kí wọ́n má fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn, kí wọ́n ṣàlàyé ìtọ́jú fún un kó tó gbà á, kí ẹ̀ka kan sì wà nínú iléeṣẹ́ ìlera fún iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú àpò owó tirẹ̀. Òfin rere ni. Àmọ́ bí wọ́n bá ṣòfin tí kò sí owó nídìí rẹ̀, tí kò sì sí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò, inú ìwé ni yóò wà.

Ìbẹ̀rù ọlọ́pàá náà wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ pé ẹni tó bá gbìyànjú àtigbẹ̀mí ara rẹ̀ yóò ṣẹ̀wọ̀n, nítorí ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó sọ ọ́ pé ọdún kan ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹbí fi máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Èkó yàtọ̀: òfin ìwà ọ̀daràn ìpínlẹ̀ náà, láti ọdún 2011, ní kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Orílẹ̀-èdè Gánà yí tiwọn padà lọ́dún 2023, ìjọba àpapọ̀ wa náà sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lọ́dún 2024 láti yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má torí ìbẹ̀rù ẹ̀wọ̀n kọ̀ láti pe ìrànlọ́wọ́ l'Ékòó.

Títí ìjọba yóò fi ṣe ohun tó yẹ, àwọn nǹkan kan wà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lè ṣe. Kí ẹ kọ àwọn nọ́ḿbà náà sílẹ̀ nígbà tí ara ṣì dá, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ náà láti mọ̀ bóyá nọ́ḿbà wọn ṣì ń lọ, wákàtí tí wọ́n ń dáhùn, àti èdè tí wọ́n ń sọ. Nọ́ḿbà máa ń yí padà, kò sì yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ewu ni èèyàn yóò mọ̀. 112 àti 767 nìkan ni ẹ kò gbọdọ̀ fi dán nǹkan wò, torí ẹlòmíràn lè wà lórí ìlà tí ilé rẹ̀ ń jó.

Bí ẹ bá pè, ẹ má wá ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: pé ẹ kò sùn láti ọ̀sẹ̀ méjì, pé ọkàn yín ń sọ fún yín pé kí ẹ kú. Kò pọn dandan kí ẹ sọ orúkọ yín. Kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ béèrè ohun tó kàn: ilé ìwòsàn wo, ọjọ́ wo, yàrá wo, èló ni wọn yóò gbà. Bí wọn kò bá gbé e, ẹ pe òmíràn. Bí ìyẹn náà kò bá gbé e, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ gba ilé ìwòsàn Yábàá, LUTH tàbí ọsibítù ìjọba tó bá sún mọ́ yín lọ. Ẹni tó bá sì béèrè owó tàbí nọ́ḿbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì yín kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, gbájú-ẹ̀ ni.

Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ìdààmú bá, ẹ bi í léèrè gbangba bóyá ó ń ronú àtipa ara rẹ̀. Àwọn kan rò pé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni yóò fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé ó máa ń jẹ́ kí ẹni náà rí ẹni sọ fún ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó ohunkóhun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ sì bá a lọ. Bó bá ní pásítọ̀ tàbí ìmáàmù, ẹ pe ìyẹn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ọ̀nà ilé ìwòsàn ni ẹ jọ ń gbà lọ. Àwọn baba wa ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ akíkanjú ni wọ́n fi ìyẹn sọ, wọn kò sọ ọ́ nítorí gbèsè ẹja tàbí owó ilé. Àwọn náà ló ní bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ, wọ́n sì ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìwádìí ọdún 2006 tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ló fi ibi tó yẹ kí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ hàn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ dókítà lásán ni àwọn èèyàn wa ti ń rí ìtọ́jú, a jẹ́ pé ilé ìlera alábọ́ọ́dé ni ilẹ̀kùn tó yẹ kí wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àjọ WHO ti ní ètò kan láti ọdún 2008 tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí kì í ṣe ti ọpọlọ bí wọn yóò ṣe mọ àwọn àìsàn wọ̀nyí, tí wọn yóò sì tọ́jú èyí tí agbára wọn bá ká. Kò gba kí wọ́n kọ́ ilé tuntun. Kí nọ́ọ̀sì kan tó gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìlera kọ̀ọ̀kan ní Àpápá-Ìgànmú, kí wọ́n kọ nọ́ḿbà sára ògiri ibẹ̀ lédè Yorùbá, kí ìyálọ́jà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà ẹja, kí àwọn onímọ́tò lẹ̀ ẹ́ mọ́ gáréèjì. Ti ìjọba àpapọ̀ ni kí nọ́ḿbà kan ṣoṣo tó kúrú wà, tí kò gba owó lórí ìlà èyíkéyìí, tí wọ́n yóò máa dáhùn lóru àti lọ́sàn-án ní èdè tó yé ẹni tó pè.

Àwọn káńsẹ́lọ̀ àti alága kì í pẹ́ kí wọ́n tó tún wá sí Ìjọra láti wá ìbò. Títì àti gọ́tà la máa ń bi wọ́n léèrè, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kí ará Ìjọra kan dìde, kó bi wọ́n pé: bí ọmọ mi bá sọ láàárín òru pé ayé ti sú òun, ta ni kí n pè, ṣé yóò gbé e, ṣé yóò sì gbọ́ Yorùbá? Ẹni tí kò bá rí èsì sí i kò tíì múra sílẹ̀ láti ṣe olórí wa.